Aṣọ Òjò Tí Abẹ́rẹ́ Kò Lè Bà Jẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Iṣẹ́ Páramo, Láti Wadhurst Dé Bogotá

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin tí ẹ ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú jẹun, ẹ kú ìjókòó o.

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ bọ́ sínú òjò yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe é. Páramo ni orúkọ rẹ̀. Wadhurst, ìlú kékeré kan ní East Sussex ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, ni wọ́n ti ń rán èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi yan ilé iṣẹ́ yìí ni pé irú aṣọ tí wọ́n yàn láti fi ṣe jákẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ kí télọ̀ tó wà ní Mushin ní Èkó tàbí ní Peckham ní London lè tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ibi tí mo fẹ́ dúró lé gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú jákẹ́ẹ̀tì òjò tó wọ́pọ̀ jù wò.

Ìpele mẹ́ta ló ní. Tòde jẹ́ náílọ́ọ̀nù tàbí pọlisítà, wọ́n sì ti fi oògùn kan pa á lójú kí omi lè máa yọ̀ dànù lórí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ fẹ́lẹ́ kan mọ́ ọn. Lábẹ́ awọ yẹn, aṣọ fẹ́lẹ́ mìíràn tún wà tí kò jẹ́ kí ara máa ha á. Awọ àárín yẹn ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Ní ọdún 1969 ni Bob Gore, ní Amẹ́ríkà, fi agbára fa PTFE tó ti gbóná lójijì. PTFE yìí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Teflon tó wà lójú páànù ìdíńdín. Ó nà, ó sì kún fún ihò wínníwínní tí ojú kò lè rí. Ẹ̀kán omi kò lè gba ihò yẹn kọjá, ṣùgbọ́n ooru òógùn ń gbà á jáde. Ní ọdún 1976 ni aṣọ Gore-Tex bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà.

Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò bù ú kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin télọ̀ á ti rí ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀: abẹ́rẹ́ ń lu ihò. Bí ojú ìrán bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tí abẹ́rẹ́ sì ń sọ̀ ní mílímítà 2.5 síra wọn, ihò 400 ló ti lù sára awọ tí wọ́n ní omi kò gbọdọ̀ gbà kọjá. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ ní láti fi téèpù bo gbogbo ojú ìrán láti inú, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Ẹ̀rọ yẹn kò sí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ télọ̀ fi ń dá jákẹ́ẹ̀tì òjò padà fún ẹni tó gbé e wá. Wọ́n lè rán an, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n rán yẹn gan-an ni omi yóò máa gbà wọlé.

Ohun tó sì ń ba jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́, oògùn ojú rẹ̀ á tán. Aṣọ òde á bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, á wúwo, á tutù, òógùn kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára lè làágùn tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Bí ìyẹn bá há sínú, ẹni náà á rin gbindin láti inú wá, á sì máa bínú pé jákẹ́ẹ̀tì ń jò, nígbà tó jẹ́ òógùn ara rẹ̀ ni. Ìkejì, gọ́ọ̀mù tó lẹ awọ mọ́ aṣọ á jọ̀wọ́, pàápàá ní kọ́là àti èjìká, níbi tí epo ara àti okùn báàgì ti ń fi ọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Ẹ ó rí i bí ó ṣe ń wú bíi roro iná. Ìkẹta ló kan àwa tí a máa ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi pọliyurethane pa láti inú dípò awọ PTFE. Ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ń já pọliyurethane díẹ̀díẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tí èèyàn fi sínú àpótí ní Ìbàdàn tàbí Èkó fún ọdún mélòó kan, tó sì mú jáde nígbà tó ń padà sí London, lè ti máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kó máa rùn, kó sì máa bó bí ògiri tó ti gbó. Kò sí ọṣẹ tàbí abẹ́rẹ́ tó lè tún èyí ṣe.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Páramo.

Nick Brown ló dá a sílẹ̀. Ọdún 1977 ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ Nikwax, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọ nǹkan. Ìda tí wọ́n fi ń pa bàtà awọ àwọn tó ń gun òkè ló kọ́kọ́ ń ṣe, ìkòkò ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń se omi tíì fún ọ̀pọ̀ èrò ló sì fi ń yọ́ ìda náà. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí oògùn aṣọ, omi ni wọ́n sì ń fi po wọn, kì í ṣe epo tó ń gbiná. Ní ọdún 1992 ni Páramo jáde gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ aṣọ. Ẹ ò rí i pé oògùn ló ṣáájú aṣọ. Ẹni tó ti ń rí aṣọ àwọn ẹlòmíràn tó ń bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wá jókòó ro bí òun yóò ṣe ṣe tirẹ̀.

Ní ti orúkọ rẹ̀, páramo ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tútù orí àwọn òkè Andes, lókè ibi tí igbó parí sí, nísàlẹ̀ ibi tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀. Kùrukùru kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní frailejón, ewé rẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́ tó ń gba ìrì àti kùrukùru mọ́ra, omi náà á sì máa sẹ́ wọ inú ilẹ̀. Bogotá alára wà ní ibi tó ga ju mítà 2,600 lọ, páramo Chingaza sì wà lára ibi tí omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ti ń wá.

Bí aṣọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti yé. Ẹni tó bá ti já ewé kókò bo orí nínú òjò rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Omi á kán sórí ewé, á di róbótó, á yí gbiri lọ, ewé kò ní rin. Ìdajì kejì wà lórí òrùlé bẹẹrẹ àtijọ́. Kò sí ẹni tó fi ọ̀dà dí àlàfo àárín koríko yẹn, bí èèyàn bá sì wà nínú ilé, ó lè rí ìmọ́lẹ̀ fírífírí láàárín rẹ̀. Síbẹ̀ òjò kì í wọlé, nítorí bí wọ́n ṣe to koríko náà, ó ń darí omi sísàlẹ̀ kíákíá ju bí omi ṣe lè rí àyè wọlé lọ.

Bí aṣọ Páramo tí wọ́n ń pè ní Analogy ṣe rí nìyẹn. Ìpele méjì ló ní, kò sì sí awọ kankan láàárín wọn. Tòde jẹ́ pọlisítà tí wọ́n hun tó ki mọ́ra pẹ̀lú fọ́nrán tó tínrín gan-an. Ó ń dá atẹ́gùn dúró, ó sì ń ta omi dànù bí ewé kókò. Tinú jẹ́ pọlisítà tí wọ́n hun lọ́nà tó fi jọ irun ẹranko: níbi tó kan ara, àwọn fọ́nrán rẹ̀ ki mọ́ra, bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ara ni wọ́n ń fẹ̀ síra. Gbogbo fọ́nrán yìí ni wọ́n fi oògùn tó ń lé omi pa. Omi tí wọ́n bá lé bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ dúró ní àlàfo tóóró. Ibi tí àyè wà ló ń sá lọ, ìta sì ni àyè wà. Ooru ara náà á tún máa tì í lẹ́yìn.

Ẹ fi ọkàn sí apá tó kàn yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bí oògùn ara fọ́nrán bá tán, tàbí tí èérí ọṣẹ bá bò ó, iṣẹ́ aṣọ yìí yí padà sẹ́yìn. Fọ́nrán tó ti ń gba omi á máa fa omi sínú àlàfo tóóró gẹ́gẹ́ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ibi tó kan ara sì ni àlàfo ti tóóró jù. Aṣọ kan náà tó ń ti omi jáde lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi wá bá ara lónìí. Kò ya, kò lu, ojú ìrán rẹ̀ kò tú. Ọṣẹ tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ni.

Mi ò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Aṣọ yìí móoru ju jákẹ́ẹ̀tì alawọ lọ, ó sì wúwo jù ú lọ. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nínú òjò oṣù keje ní London yóò làágùn gan-an. Bí èèyàn bá fi ìdí lé òkúta tútù, tàbí tó kúnlẹ̀ pẹ́ nínú ẹrẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn lè ti omi wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá dìde tó ń rìn, aṣọ á tì í jáde padà. Nítorí pé ooru ara wà lára ohun tó ń ti omi náà, ẹni tó ń rìn ló ń gbádùn rẹ̀ jù. Ẹni tó ń ṣọ́ gẹ́ètì, tó dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́jọ nínú òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, jákẹ́ẹ̀tì alawọ tí téèpù rẹ̀ ṣì lẹ̀ dáadáa lè yẹ ẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a rí gbà. Kò sí awọ, nítorí náà kò sí téèpù. Ìdarí omi ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ìdínà, ihò abẹ́rẹ́ kò sì ba ìdarí jẹ́. Ojú ìrán tó tú, àpò tó ya, síìpù tó kú, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ lásán lè tún ṣe.

Àwọn wo ló wá ń rán an? Ní Bogotá, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Miquelina. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Adoratrices ló dá a sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Micaela ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà ní Madrid ní ọdún 1856, láti ran àwọn obìnrin tó ń ṣe aṣẹ́wó lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ sì ni Miquelina fi ń jẹ́ orúkọ. Ní Kòlóńbíà, ogun abẹ́lé tó gùn lé àwọn ará oko tó pọ̀ gidi kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Obìnrin tó dé Bogotá tòun ti ọmọ, láìní iṣẹ́ ọwọ́, láìní ẹbí, kì í pẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta obìnrin tàbí tó ń ta oògùn olóró. Sister Esther Castaño, tó darí àjọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé oúnjẹ àti àdúrà nìkan kò lè mú obìnrin kan kúrò ní títì. Ó gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Ìránṣọ ni wọ́n yàn.

Páramo àti Miquelina ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti nǹkan bí ìgbà tí Páramo bẹ̀rẹ̀. Obìnrin á kọ́ṣẹ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lè dúró síbẹ̀ ṣiṣẹ́, tàbí kó lọ gba iṣẹ́ níbòmíràn. Ilé ìtọ́jú ọmọ wà nínú ọgbà, ibi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán wà. Àwa tí a mọ ètò ìkọ́ṣẹ́ tiwa, tí ọmọ iṣẹ́ ń sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta títí tí yóò fi ṣe fírídọ̀ọ̀mù, á rí ibi tí méjèèjì ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Tiwa ń dá èèyàn sílẹ̀ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilé tí yóò sùn, tí ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta kó tó jẹun.

Ilé ìtọ́jú ọmọ yẹn kì í ṣe àánú lásán. Iṣẹ́ jákẹ́ẹ̀tì jẹ́ iṣẹ́ àtọwọ́dọ́wọ́: ẹnìkan ń rán fìlà ẹ̀yìn ọrùn, ẹnìkan ń rán àpò, ẹnìkan ń fi síìpù sí i, ẹnìkan ń so apá mọ́ ọn, ẹnìkan ń pa ìgbátí. Bí ìyá kan bá ń sá lọ sílé lójoojúmọ́ nítorí ọmọ, ìdì aṣọ á ga níwájú àga rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á jókòó lásán. Ibi tí wọ́n bá ti ń kánjú dí àyè bẹ́ẹ̀ ni ojú ìrán ti ń wọ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti lè bàjẹ́. Aṣọ tó wà ní róòlù wà ní fífà. Bí wọ́n bá tú u tí wọ́n gé e lójú ẹsẹ̀, á sún kì lẹ́yìn gígé, apá ọ̀tún á sì kúrú ju tòsì lọ. Ó yẹ kó sùn mọ́jú lórí tábìlì kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Àwọ̀ róòlù kan kì í bá ti èkejì mu délẹ̀délẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹ̀yà jákẹ́ẹ̀tì kan gbọ́dọ̀ ti ara róòlù kan náà wá, kí wọ́n sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Aṣọ inú tó jọ irun ní ibi tó kọjú sí. Bí wọ́n bá gé apá kan sókè, tí wọ́n gé èkejì sísàlẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ á mọ̀ ọ́n lára.

Ìṣòro tó le jù ni ti ìpele méjì tí kò fà bákan náà. Aṣọ òde kò fà, aṣọ inú ń fà. Bí ẹ bá fi èyí tó ń fà sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ á máa tì í síwájú, nígbà tí ẹ bá sì dé òpin, á ti gùn kọjá èkejì. Ìsàlẹ̀ ni kí ó wà, lórí eyín ẹ̀rọ tó ń fa aṣọ. Ẹ fi ìpínǹnì mú un ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí sẹ̀ǹtímítà 10, ṣùgbọ́n nínú àlàfo ojú ìrán nìkan, kì í ṣe láàárín ojú aṣọ.

Ní ti oògùn, ẹ rántí ọ̀rọ̀ oògùn ojú aṣọ tí mo sọ ṣáájú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò jù jẹ́ irú PFAS, kẹ́míkà tí òjò, oòrùn àti kòkòrò inú ilẹ̀ kò lè tú ká. Ó ń wọ odò, ó ń wọ ẹja, ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa èèyàn. Nikwax kò fìgbà kan gbé oògùn tirẹ̀ ka orí rẹ̀. Nígbà tí Greenpeace, àjọ tó ń jà fún àyíká, ń pe àwọn tó ń ṣe aṣọ ìta pé kí wọ́n jáwọ́ nínú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, Páramo ni ilé iṣẹ́ aṣọ ìta àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn wọn tí wọ́n ń pè ní Detox, ní ọdún 2016. Àwọn tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn láti ìgbà náà. Inú mi dùn sí èyí, nítorí òjò tó bọ́ sórí jákẹ́ẹ̀tì ní Scotland kò parí sí Scotland.

Àwọn tó ń wọ aṣọ yìí pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó ń mú èèyàn pẹ́ nínú òtútù: àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ àti ẹranko, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì British Antarctic Survey tó ń ṣèwádìí ní ilẹ̀ yìnyín Antarctica, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba èèyàn là lórí òkè. Ẹgbẹ́ yìí yẹ ká mọ̀ nípa wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń lọ gun òkè ní Wales àti Lake District báyìí. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n, wọn kì í gba owó. Bí ẹnìkan bá ṣubú lórí òkè, ẹ pe 999, ẹ béèrè fún ọlọ́pàá, kí ẹ wá béèrè fún mountain rescue. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Obìnrin kan ní Bogotá rán ojú apá jákẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá ń fi apá yẹn na ọwọ́ sí ẹni tó fẹsẹ̀ ṣẹ́ lórí òkúta.

Aṣọ tó bá gbó, Páramo ń gbà á padà. Èyí tó ṣì dára, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń tà á fún ẹlòmíràn. Èyí tó ti tán pátá rọrùn láti tún lò nítorí pé pọlisítà ni inú àti òde rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tó da náílọ́ọ̀nù, PTFE àti gọ́ọ̀mù pọ̀ ṣòro láti yà sọ́tọ̀.

Ó ku fífọ̀ àti títúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí sílẹ̀.

Ẹ gbọn ẹrẹ̀ kúrò nígbà tó bá ti gbẹ. Ẹ tú àpò, ẹ fa gbogbo síìpù pa, ẹ yọ ojú ibi tí a ń da ọṣẹ sí lára ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, nítorí ọṣẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà níbẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ ojoojúmọ́ ní èròjà tó ń mú kí omi fẹ́ràn aṣọ, èyí tí a ò fẹ́ gan-an. Omi tó ń mú aṣọ rọ̀ tó ń ta sánsán burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún aṣọ òjò, bíi Tech Wash ti Nikwax, ni kí ẹ lò: nǹkan bí mílílítà 100 fún aṣọ kan tàbí méjì, kí ẹ fi kún un níbi tí omi ẹ̀rọ bá ti le, bíi London, níbi tí kétù ti ń ní èfun funfun. Ẹ fi 30°C fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án dáadáa. Kí ẹ wá fún un ní oògùn, TX.Direct tàbí irú rẹ̀, nínú omi mìíràn. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ láéláé. Ẹ ka ìwọ̀n tó wà lára ìgò, ẹ má kó ju aṣọ méjì lọ sínú ẹ̀rọ, kí oògùn lè kárí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́ ló nílò oògùn. Ẹ wọ́n omi sí èjìká rẹ̀: bó bá di róbótó tó yí lọ, oògùn ṣì wà, bó bá tàn káàkiri tí aṣọ dúdú sí i, ó ti tán. Èjìká, ẹnu apá àti iwájú fìlà ló ń kọ́kọ́ tán.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń tún un ṣe: abẹ́rẹ́ 70 tàbí 80 ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tuntun. Abẹ́rẹ́ tó ti kú á máa fa fọ́nrán, ìlà funfun kan á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán tí kò ní parẹ́ mọ́. Òwú pọlisítà ni kí ẹ lò. Òwú kọ́tìnnì ń mu omi, ó sì ń jẹrà. Gígùn ìrán kó wà láàárín mílímítà 2.5 sí 3. Bó bá kéré jù, ihò á sún mọ́ra, aṣọ á sì ya bí ojú sítáǹbù. Bí aṣọ bá ń kó jọ lójú ìrán, ẹ dẹ òwú òkè, kí ẹ sì yẹ bọ́bìnì wò.

Bí síìpù bá ń yà lẹ́yìn orí rẹ̀, ẹ má tíì tú u. Orí síìpù ló sábà máa ń jẹ, kì í ṣe eyín. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì orí náà wẹ́rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fà á wò. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, 5 tàbí 8 ló sábà máa ń jẹ́, kí ẹ ra irú rẹ̀ gan-an, onípílásítíìkì fún onípílásítíìkì, onírin fún onírin. Fún aṣọ tó ya, ẹ gé àlẹ̀mọ́ rẹ̀ ní róbótó tàbí kí ẹ ká igun rẹ̀, nítorí igun ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ jẹ́ kó kọjá ibi tó ya ní sẹ̀ǹtímítà 2 yíká.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ wọ́n omi sí ibi tí ẹ rán. Bó bá rin, ẹ má tíì tú iṣẹ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà léèrè irú ọṣẹ tó fi ń fọ̀ ọ́.